Ohun Tí Bàbá Vendel Gbìn Kí Ìgbìmọ̀ Tó Dé

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù Karùn-ún

Òtútù mú ní àárọ̀, ṣùgbọ́n oòrùn yọ kí n tó mu kọfí mi tán. Mo ki ọ̀pá ìwọn-ooru bọ inú ebè: ìwọ̀n mẹ́tàlá. Fún ẹ̀wà, ó tó. Fún ata, ó kù díẹ̀ káàtó.

Kálmán, alága ẹgbẹ́ ọlọ́gbà wa, fọn fèrè láti ẹnu géètì títí dé ìdí kànga. Ó ní ìgbìmọ̀ yóò yí gbogbo ọgbà wò ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù Kẹfà. Ọgbà tí ohun tí a gbìn kò bá hàn lórí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀, wọn yóò gbà á fún ẹni tó wà lórí ìlà. Ìlà náà gùn lọ́dún yìí, nítorí ata díẹ̀ ní ọjà Szentes ti gbówó lérí bí ẹran.

Ó dúró níwájú ọgbà Boriska, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Láti ìgbà tí Boriska ti kú ní oṣù Kìíní, ẹnikẹ́ni kò fi ọkọ́ kan ilẹ̀ yẹn. Vendel, ọkọ rẹ̀, jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi ápù, ife wáìnì àbùlà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Vendel, kí lẹ ń wò?"

"Mò ń wo bí koríko ṣe ń hù, Alága. Ó mọṣẹ́ jù mí lọ."

Kálmán kò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó yára yí ojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù Karùn-ún

Ó wá bá mi ní ẹnu ọ̀nà ọgbà mi, ó ṣí fìlà.

"Dókítà, ẹ má bínú o. Kí ni èèyàn lè gbìn nígbà tó ti pẹ́ tó báyìí?"

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wà ní ilé-ìwádìí irúgbìn, tí mò ń wo èyí tó hù àti èyí tó kọ̀ tí kò hù. Àwọn ọ̀gá wá, àwọn àlejò láti òkè òkun wá. Kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè tó dára tó báyìí.

Mo ní kí ó jókòó. Ó sọ fún mi pé Boriska ló ń gbìn ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi jọ wà. Òun ń tún ọgbà ṣe, òun ń fa omi, òun ń jẹ. Ágota, ọmọ wọn obìnrin, fẹ́ kí ó dá kọ́kọ́rọ́ ọgbà padà, kí ó wá máa gbé ní Szeged lọ́dọ̀ òun, lórí àjà kẹrin.

"Lórí àjà kẹrin, Dókítà! Kí ni mo fẹ́ máa bomi rin níbẹ̀? Ẹsẹ̀ mi?"

Mo gbà láti kọ́ ọ, lórí àdéhùn kan: kò gbọdọ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kì í ṣe ìgbéraga. Bí ó bá béèrè ohun kan lọ́wọ́ ọlọ́gbà méje níhìn-ín, ìdáhùn mẹ́sàn-án ni yóò gbọ́, yóò sì gbìn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 oṣù Karùn-ún

Ọ̀rúndún kan ni koríko yẹn fẹ́ fi gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. A ti tu ìdajì rẹ̀. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ẹ̀yìn ń dùn ún, a ń bú ara wa díẹ̀díẹ̀.

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún un bí ìparí ìgbà ìrúwé ṣe rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa omi inú ewé àti bí ó ṣe ń dì. Ojú rẹ̀ ń wo ibi igi ápù. Mo tún un sọ lọ́nà mìíràn.

"Bàbá, ẹ pín wọn sí mẹ́ta. Àwọn kan wà tó wọ kóòtù: kárọ́ọ̀tì, bíìtì, àlùbọ́sà, lẹ́tíìsì. Ẹ gbìn wọ́n lónìí. Bí òtútù bá dé, wọn á yí kọ́là sókè. Àwọn kejì wọ ṣẹ́ẹ̀tì nìkan: ẹ̀wà àti àgbàdo. Wọ́n lè hù báyìí, àmọ́ tí òtútù gidi bá bá wọn lókè ilẹ̀, wọn á kú. Àwọn kẹta wà ní ìhòòhò goloto: ata, tòmátì, kùkúńbà, elégédé. Àwọn yẹn ò gbọdọ̀ jáde rárá kí àwọn Ẹni Mímọ́ mẹ́ta, tí ọjọ́ wọn jẹ́ kejìlá sí kẹrìnlá oṣù yìí, tó kọjá."

"Pongrác, Szervác, Bonifác," ó kà wọ́n bí ẹni tó ń pe orúkọ àwọn ọlọ́pàá tó ti mú un rí. "Boriska kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan kí Bonifác tó lọ. Ẹ̀yin náà gbà wọ́n gbọ́, Dókítà?"

Mo ní mo gba ọ̀pá ìwọn-ooru mi gbọ́, ṣùgbọ́n ní àárín oṣù Karùn-ún, afẹ́fẹ́ tútù sábà máa ń ti àríwá sọ̀ kalẹ̀ wá. Àwọn bàbá ńlá wa rí i, wọ́n fún un lórúkọ. Orúkọ náà ò bà mí nínú jẹ́.

Ó rìn yí ebè náà ká, ó ń sọ̀rọ̀ sínú: oníkóòtù, oníṣẹ́ẹ̀tì, oníhòòhò. Lẹ́yìn náà ló gbin àwọn oníkóòtù, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọjọ́ Àìkú, 7 oṣù Karùn-ún

Òjò. Ó gbin bíìtì jìn bí ẹni tó ń sin ìṣúra. Ọ̀la ni a ó tún un gbìn.

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù Karùn-ún

Ó mú ìgò mọ́sítádì kan wá láti inú yàrá oúnjẹ. Irúgbìn ata ló wà nínú rẹ̀, ata Boriska, ata funfun bí bọ́tà tí gbogbo ọgbà yìí máa ń yọ́ wá tọrọ ní oṣù Kẹjọ. Lọ́dọọdún, láti oṣù Kejì ni obìnrin náà ti ń gbìn ín sínú ike lẹ́bàá fèrèsé kíṣìnnì. Lọ́dún yìí, àárín ìsìnkú àti yìnyín ni oṣù Kejì kọjá lọ.

Mo sọ òtítọ́ fún un. Ọmọ ata wà lọ́jà, tó ti ga tó ọwọ́, ọgọ́fà forint ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni pé kí ó rà á.

"Èyí tó wà lọ́jà, ta ló mọ ìyá rẹ̀?" ó ní. "Èmi mọ ìyá eléyìí."

Mo rò ó ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Tí a bá mú kí irúgbìn náà hù kí a tó gbé e sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan ó lé ni yóò jẹ́ èrè wa. Tí oṣù Kẹsàn-án bá dára, a ó jẹ ata. Àwọn ìyá wa ní agbègbè Szeged mọ èyí: wọ́n á rẹ irúgbìn, wọ́n á dì í sínú àpò aṣọ ọ̀gbọ̀ tó tutù, wọ́n á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, tàbí sínú ibùsùn. Ohun tó fẹ́ kò ju ooru ara èèyàn lọ.

Ta ló ń dá iná sí ààrò ní oṣù Karùn-ún? Mo pín irúgbìn náà sí méjì. Ìdajì yóò wà lórí sélífù mi lókè fìríìjì, níbi tí mo ti wọn ooru. Ìdajì kejì yóò wà nínú ṣẹ́ẹ̀tì Bàbá Vendel.

Ọjọ́rú, 10 oṣù Karùn-ún

Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì bi Bàbá Vendel pé kí ló tutù ní ikùn rẹ̀. Ó ní, "Oyún ni." Gbogbo ìlú ti gbọ́. Kálmán bi mí ní ìdí kànga bóyá èmi ni agbẹ̀bí.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 oṣù Karùn-ún

Pongrác. Ìkùukùu, afẹ́fẹ́ láti àríwá. Gbogbo ọlọ́gbà dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ tòmátì wọn, wọ́n ká ọwọ́ gbera bí àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 oṣù Karùn-ún

Szervác. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí inú mi tó rọ̀.

Bàbá Vendel wọlé ní ọ̀sán, irun rẹ̀ ṣì tutù, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti ilé ìwẹ̀ olómi gbígbóná bọ̀, níbi tí àwọn àgbàlagbà ti máa ń ta ṣẹ́ẹ̀sì nínú omi títí ọwọ́ wọn yóò fi hunjọ.

"Dókítà, mo ti bá ata yẹn ṣe oore ńlá kan. Mo so àpò náà mọ́ ọrùn mi, mo sì jẹ́ kó wọnú omi pẹ̀lú mi. Ìwọ̀n méjìdínlógójì! Ikùn mi ò tó bẹ́ẹ̀. Eré méjì ni mo ta, mo na Gergő ní méjèèjì."

Mo jókòó. Mo bi í bí eré kan ṣe ń pẹ́ tó. Ó ní Gergő máa ń ronú púpọ̀.

Mo ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe yẹ. Omi ilé ìwẹ̀ yẹn ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ wá, iyọ̀ wà nínú rẹ̀; iyọ̀ máa ń lé omi jáde kúrò lára irúgbìn. Ooru náà sì ti kọjá ohun tó fẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irúgbìn ata lè fara da ooru jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ ni mo ń tẹnu mọ́ nígbà tí mo rí i pé kò gbọ́ mi mọ́. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

"Ṣé mo ti pa wọ́n ni?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

Òtítọ́ ni; mi ò mọ̀. Mo da omi òjò sínú abọ́, a ṣan irúgbìn náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, a dì wọ́n padà sínú aṣọ tuntun. Ó gbé e sínú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó. Kò mu wáìnì kó tó lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 14 oṣù Karùn-ún

Bonifác kọjá. Ìwọ̀n mẹ́rin ní ìdájí, kò sí ìrì dídì.

Ọjọ́ Ajé, 15 oṣù Karùn-ún

Ọjọ́ ńlá. Kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó dún, gbogbo ọgbà ti kún. Tòmátì ń wọlẹ̀, ata ń wọlẹ̀, rédíò mẹ́ta ń kọ orin mẹ́ta. Mo lọ́ tòmátì mi, mo sin wọ́n dé ọrùn, nítorí pé igi tòmátì tí a bá sin yóò ta gbòǹgbò ní gbogbo ara rẹ̀. Bàbá Vendel bi mí bóyá ó kan ata náà. Rárá, ata fẹ́ dúró bó ṣe dúró tẹ́lẹ̀. Ó ní irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ wà.

Ó gbin ẹ̀wà, kùkúńbà, àgbàdo. Mo ní kí ó gbin elégédé, mo sì yípadà láti mú agolo ìbomirin. Nígbà tí mo padà dé, ó ti da páálí irúgbìn náà tán sínú ihò kan ṣoṣo.

"Bàbá! Gbogbo rẹ̀?"

"Kí ọ̀kan má bàa dá wà."

Elégédé kan fẹ́ ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ibùsùn. Mo fi hàn án. Ó wo ihò náà, ó wo gbogbo ọgbà, ó ní, "Nígbà náà, ìgbìmọ̀ ò ní rí ilẹ̀ kankan."

A kó wọn jáde, a gbin mẹ́ta.

Ọjọ́rú, 17 oṣù Karùn-ún

WỌ́N HÙ! Ó gbá ilẹ̀kùn mi kí n tó wọ bàtà. Ó tú aṣọ náà sórí tábìlì mi: ìrù funfun kékeré lára púpọ̀ nínú wọn. Mo sáré lọ wo sélífù mi. Tèmi náà ti hù.

"Ilé ìwẹ̀ ni," ó ní.

"Bàbá, tèmi náà hù lónìí, wọn ò sì wẹ̀."

"Tiyín ò gbádùn."

Mo kà á. Nínú tirẹ̀, díẹ̀ ni kò hù. Nínú tèmi náà, díẹ̀ ni. Mo fi hàn án pé kò sí ìyàtọ̀ kan tó ṣe é sọ. Ó fọwọ́ lù mí léjìká bí ẹni tó ń tu aláìsàn nínú.

Ọjọ́bọ̀, 18 oṣù Karùn-ún

Ilẹ̀: ìwọ̀n méjìdínlógún. A gbé ata náà sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìrù sí ìsàlẹ̀. Ọwọ́ alágbẹ̀dẹ rẹ̀, tó ti ń lu irin láti kékeré, di ọwọ́ ẹni tó ń gbé ẹyin.

Bí a ti ń parí ni Kálmán yọ orí lókè wáyà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata rodo tirẹ̀.

"Ẹ̀yin méjèèjì! Ẹ ò gbọdọ̀ gbin ata dídùn sí ẹ̀gbẹ́ ata mi. Tèmi á mú kí tiyín máa ta!"

"Alága, kò rí bẹ́ẹ̀," ni mo wí. "Èso tó so lọ́dún yìí, ara ìyá rẹ̀ ni. Bí kòkòrò bá gbé àtíkè òdòdó láti ọ̀dọ̀ yín wá sọ́dọ̀ tiwa, ata tiwa yóò ṣì dùn. Irúgbìn inú rẹ̀ ló máa gba ìwà yín. Ọdún tó ń bọ̀, tí ẹ bá gbin irúgbìn yẹn, ìgbà yẹn ló máa ta."

"Bàbá mi sọ pé..."

"Ẹ kí bàbá yín fún mi."

Kálmán ń kùn lọ. Ṣùgbọ́n Bàbá Vendel dúró, ó ń wo ilẹ̀.

"Dókítà, ibí yìí gan-an ni Boriska ń gbin ata sí lọ́dọọdún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà Kálmán. Lọ́dún tó kọjá náà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Irúgbìn inú ìgò yẹn wá ńkọ́?"

Mi ò tíì ronú débẹ̀, èmi tó yẹ kí n ronú. Mo sọ fún un pé ó lè jẹ́ dídùn, ó lè jẹ́ èyí tó ń ta, ó lè jẹ́ méjèèjì. Kò sí ẹ̀rọ nílé mi tó lè sọ fún wa.

"Báwo la ṣe máa mọ̀?"

"A ó gé e jẹ."

Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Szervác tó jẹ́ pé ẹ̀rín náà dé ojú rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 21 oṣù Karùn-ún

Ágota dé láti Szeged, ó gbé àkàrà òyìnbó wá. Ó dúró lójú ọ̀nà, ó ń wo ọgbà: okùn, igi tí a fi sàmì, ilẹ̀ tí a ti gbo dúdú. Bíìtì nìkan ló ti yọ orí, ó sì kéré.

"Bàbá, igi lẹ gbìn?"

"Ṣe sùúrù. Wọ́n ń múra nísàlẹ̀."

Kì í ṣe ọmọ burúkú. Nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ fa omi, ó sọ fún mi pé ní oṣù Kejì, òun dé ilé bá a tó jókòó sínú òtútù, kò jẹun láti àná. Ẹ̀rù ń bà á. Èmi náà ì bá bẹ̀rù. Àwọn méjèèjì wá ṣe àdéhùn níwájú mi lábẹ́ igi ápù: bí ìgbìmọ̀ bá gba ọgbà náà wọlé, Ágota kò ní sọ̀rọ̀ Szeged mọ́. Bí wọn kò bá gbà á, bàbá yóò dá kọ́kọ́rọ́ padà ní ọjọ́ náà gan-an, yóò sì bá a lọ.

"Mo gbà," ni bàbá wí. Ó bu àkàrà fún mi.

Ọjọ́rú, 24 oṣù Karùn-ún

Ẹ̀wà ti jáde. Kùkúńbà jáde láàárọ̀. Ata náà tẹ̀ bí ìwọ̀ ní ojú ilẹ̀, kò tíì la ewé. Ìdùnnú wa ò pé wákàtí díẹ̀: ní ọ̀sán, ojú ọ̀run mọ́ gaara, afẹ́fẹ́ àríwá fẹ́, lẹ́yìn náà ó dáwọ́ dúró lójijì. Mo ń wo ọ̀pá ìwọn-ooru mi bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ojú ọ̀run tí kò ní ìkùukùu, afẹ́fẹ́ tí kò mira: gbogbo ooru ilẹ̀ yóò gòkè lọ.

Mo jáde sójú ọ̀nà. "Ẹ̀yin ará, ìrì dídì ń bọ̀ ní ìdájí!"

"Bonifác ti lọ!" ẹnìkan kígbe.

"Orbán ló ń bọ̀ lọ́la!" ni mo dá a lóhùn.

Gbogbo wọn gbójú sókè. Ẹni Mímọ́ kẹrin ni. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni a máa ń kà, a óò fi ìdùnnú gbàgbé ẹni kẹrin, lọ́dọọdún. Kálmán fọn fèrè, bí ẹni pé òun ló rántí.

Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo èèyàn ń sáré. Garawa, páálí, aṣọ ibùsùn, kúbùsù. Mo ní kí wọ́n bo ewéko, kí wọ́n má jẹ́ kí ìbora kan ewé, kí etí rẹ̀ kan ilẹ̀, nítorí láti inú ilẹ̀ ni ooru ti ń wá. Bàbá Vendel kò ní nǹkan kan. Ó ti bárò rẹ̀ lọ sílé, nígbà tó padà dé, ó ti kó gbogbo kíṣìnnì Boriska: abọ́, páànù àkàrà, ìkòkò, ìkòkò irin ńlá tí wọ́n fi ń se lecsó, ọbẹ̀ ata àti tòmátì, níta, àti fìlà onírun tirẹ̀.

"Èyí fún kùkúńbà. Èyí fún elégédé. Ìkòkò ńlá yìí àti àwọn ọmọ rẹ̀ fún ata, nítorí wọ́n mọ̀ ọ́n."

Ó kù díẹ̀ kí ó pọ̀ jù. Ní ìkẹyìn Kálmán wá, ó dúró, ó ń wo bàtà rẹ̀. Tòmátì rẹ̀ ṣẹ́ ku ìlà kan, kò sì ní ìbora mọ́.

"Bàbá Vendel, mo fẹ́ yá ìkòkò díẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, èyí ò ní í yí ojú ìgbìmọ̀ padà."

"Ẹ mú, Alága. Ẹ jẹ́ kó padà wá mímọ́. Boriska ń wò yín."

Ọjọ́bọ̀, 25 oṣù Karùn-ún

Funfun. Koríko ń dún lábẹ́ bàtà. A dúró títí oòrùn fi kan ilẹ̀, lẹ́yìn náà la ṣí wọn.

Lábẹ́ àwọn ìkòkò: ata, gbogbo rẹ̀, tútù yọ̀yọ̀. Kùkúńbà wà láàyè. Elégédé tó wà lábẹ́ fìlà onírun dára ju gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n ìlà ẹ̀wà kan ti dúdú bí èédú. Bàbá gbé ìbora rẹ̀ sókè: ajọ̀ ìsẹ́ ni, ihò ní gbogbo ara.

"Eléyìí... ó láfẹ́fẹ́," ó wí.

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di wáyà mú. Mo sọ fún un pé ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ìparí ìgbà ìrúwé: ẹ̀wà tó kú lónìí, a lè tún un gbìn lónìí, yóò sì so kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí. A tún un gbìn.

Ní ọ̀sán ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi ère Orbán ní ẹ̀bá ọgbà àjàrà, ó da omi tútù lé e lórí, bí wọ́n ti ń ṣe fún un tí ojú ọjọ́ bá burú. Ó ní bí ojú ọjọ́ bá dára, wáìnì ni ìbá jẹ́, kí Orbán mọ ohun tó pàdánù.

Ọjọ́ Ajé, 29 oṣù Karùn-ún

Òjò lóru, oòrùn láàárọ̀. Gbogbo nǹkan ń ga. Ata ti la ewé méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀wà kejì ti ń gbé ilẹ̀ sókè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 oṣù Kẹfà

Mo fi okùn wọn ọgbà rẹ̀. Bí a bá ka ebè ata, ó pé ìdá méjì nínú mẹ́ta. Bí a kò bá kà á, kò pé. Ewé ata náà kò tíì tóbi tó èékánná ọwọ́ mi. Láti ojú ọ̀nà, ilẹ̀ lásán ni. Mo sọ fún un. Ó ní òun mọ̀, òun náà ti fi okùn wọ̀n ọ́n lánàá.

Ọjọ́ Àìkú, 4 oṣù Kẹfà

Ìgbìmọ̀ dé lẹ́yìn ìsìn: Kálmán àti àwọn méjì tó ń rìn lẹ́yìn rẹ̀. Ágota ti wà níbẹ̀, ó wọ bàtà ìlú. Mo pinnu pé mi ò ní sọ̀rọ̀. Ó nira fún mi ju ohunkóhun lọ ní oṣù yìí.

"Kí rèé, Bàbá Vendel?"

"Oníkóòtù ni. Kárọ́ọ̀tì, bíìtì, àlùbọ́sà. Òtútù ò lè rí wọn mú."

"Ìyẹn ńkọ́?"

"Oníṣẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀wà. Ìlà yìí dàgbà, ìlà yìí kéré; ajọ̀ ló fà á, ẹ má béèrè."

Ágota fẹ́ ṣe ohun tó wúlò, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa koríko kan tu.

"Ọmọ yìí! Oníkóòtù nìyẹn!"

Bíìtì ni. Ágota tún un sin, ojú rẹ̀ pupa ju bíìtì náà lọ.

Wọ́n dé ebè ata. Kálmán dúró lójú ọ̀nà, ó nà ọrùn.

"Níbí, mi ò rí nǹkan kan."

"Ẹ̀yin ò tíì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀."

"Òfin sọ pé ohun tó bá hàn lójú."

"Ó hàn lójú ẹni tó bá kúnlẹ̀, Alága. Ẹ kúnlẹ̀."

Kálmán wo orúnkún rẹ̀, tí gbogbo wa mọ bí ó ṣe ń dùn ún. Ó wo Bàbá Vendel, tó ti kúnlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó sọ ara rẹ̀ kalẹ̀, orúnkún kan, lẹ́yìn náà ìkejì. Mo rí i tó fi ìka kan ewé kan, bí èèyàn ṣe ń fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ìkókó.

"Ata Boriska ni?"

"Òun ni."

"Ìlà méjì. Mo rí i. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," ó sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ìdá méjì nínú mẹ́ta, ó sì lé díẹ̀." Lẹ́yìn náà: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi dìde."

Ó gba èèyàn mẹ́ta. Ágota fa apá rẹ̀ kan. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó bọ́ bàtà ìlú rẹ̀, ó bi bàbá rẹ̀ bóyá ọkọ́ mìíràn wà. Kò sọ̀rọ̀ Szeged.

Ọjọ́ Àìkú, 17 oṣù Kẹsàn-án

Mi ò kọ nǹkan kan láti ìgbà tí elégédé ti gòkè dé òrùlé àgọ́ mi, iṣẹ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n tòní yẹ fún kíkọ.

Ata náà pé lónìí, funfun bí bọ́tà, bí ó ti máa ń rí. A gbé ìkòkò irin sórí iná lábẹ́ igi ápù. Ágota gé àlùbọ́sà. Kálmán gbé wáìnì wá, ó sì dá ajọ̀ kan padà tó ní òun kò rántí pé òun mú.

Bàbá Vendel já ata àkọ́kọ́. Ó fi iyọ̀ sí i, ó mú búrẹ́dì dání, gbogbo wa ń wò ó. Ó gé e jẹ. Ó ń jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́.

"Ó dùn."

Ó gé ìkejì jẹ. "Ó dùn." Ó gé ìkẹta jẹ, ó dúró, ojú rẹ̀ pọ́n, omi dà lójú rẹ̀, ó ń gbá tábìlì.

"Ata Kálmán rè é o! Ọkùnrin yìí ti wọ ilé mi!"

Kálmán rẹ́rìn-ín dé ibi tó fi da wáìnì sí ara. Mo gbé búrẹ́dì fún bàbá. Omi ṣì ń dà lójú rẹ̀ lẹ́yìn tí ó yẹ kí ó ti dáwọ́ dúró.

Mo bi í pé èwo ni kí a tọ́jú irúgbìn rẹ̀ sínú ìgò, èyí tó dùn ni tàbí èyí tó ta. Mo lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọdún mẹ́ta péré, ata yóò tún dùn gbogbo rẹ̀.

"Ẹ má yà á, Dókítà. Bí obìnrin náà ṣe rí nìyẹn. Mo máa ń gé e jẹ kí n tó mọ̀."

Ágota na ọwọ́, ó bu irúgbìn díẹ̀ sínú áńkáṣíìfù. Ó ní bálíkónì òun lórí àjà kẹrin ní oòrùn láti àárọ̀ dọ́sàn-án. Ó fẹ́ gbìn ín lọ́la.

"Lọ́la kẹ̀?" Bàbá rẹ̀ gbá a lọ́wọ́. "Ìhòòhò ni wọ́n! Jókòó. O máa dúró di oṣù Kejì. Fetí sílẹ̀, ọmọ mi: ẹ̀yà mẹ́ta ló wà..."

Mo bu lecsó sínú abọ́ mi, mo sì jẹ́ kí ó máa kọ́ ọmọ rẹ̀.